Oúnjẹ gbígbẹ nínú ìgò àlòkù: bí a ṣe ń kó o tí kò fi ní bu

Ìgò tòmátò gbígbẹ àkọ́kọ́ tí mo dé nílé mi, kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tó fi bu. Mo ti sá tòmátò yẹn títí ó fi ń ṣẹ́ bí igi gbígbẹ, mo fọ ìgò, mo dé e pinpin, mo wá gbé e sójú fèrèsé kí n lè máa wò ó nítorí pé ó dára lójú. Lọ́jọ́ tí mo ṣí i, òórùn ilẹ̀ tútù ló kọ́kọ́ pàdé imú mi. Nígbà tí mo tú u sínú àwo, mo rí nǹkan funfun bí òwú nísàlẹ̀. Mo dá ìdérí lẹ́bi, mo ní afẹ́fẹ́ ló wọlé. Irọ́ ni. Ara tòmátò yẹn ṣì gbóná díẹ̀ nígbà tí mo kó o sínú ìgò. Ooru rẹ̀ di omi lára ìgò lóru, omi náà sì ṣàn padà sórí oúnjẹ.

Ìgò kì í mú nǹkan gbẹ. Ohun tí ẹ bá kó fún un ló máa ń pa mọ́. Agbọ̀n àti àpò aṣọ ń mí, ọ̀rinrin díẹ̀ á ráyè bá ibẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n gíláàsì kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tàbí omi gba ara òun kọjá rárá. Ìdí nìyẹn tí eku kò fi lè jẹ ẹ́ lu, tí kòkòrò kò fi ríbi wọ inú rẹ̀, tí ewé gbígbẹ kì í sì í tètè rọ̀ níbẹ̀ bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀ lóde. Àmọ́ omi tí ẹ bá dé mọ́ inú rẹ̀, ẹ ti sọ òun àti oúnjẹ yín di aráalé kan náà. Nítorí náà, púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, kí a tó dé ìgò ni a ó ti ṣe é tán.

Ìgò tó yẹ, ìdérí tó yẹ

Ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀ ni kí ẹ máa kó jọ, irú èyí tí wọ́n fi ń ta jáàmù, oyin, kọfí tàbí ọbẹ̀. Síbí gbọ́dọ̀ lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ ló tún dára jù. Ìgò tó bá ti gba ọ̀dà, epo ọkọ̀ tàbí oògùn kòkòrò rí, ẹ má fi oúnjẹ sí i láéláé, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Ẹ fi òwú yí ẹnu ìgò po. Ìka lè má mọ ibi tó ti kán díẹ̀, ó sì lè gé yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òwú á há síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìgò tí ẹnu rẹ̀ bá ti kán, tàbí tó ti sán lára, kì í ṣe ti oúnjẹ mọ́. Ìdérí kò ní jókòó dáadáa lé e lórí, èérún rẹ̀ sì lè já sínú ohun tí a fẹ́ jẹ.

Ìdérí ló máa ń fa wàhálà jù. Oríṣi méjì ni ẹ óò máa rí. Ọ̀kan ni èyí tí a ń yí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó le, ìran ìgò tí John Landis Mason gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1858. Èkejì ní eyín kéékèèké lábẹ́ etí rẹ̀, yíyí díẹ̀ péré ló ń fẹ́ tó fi ń gbá ẹnu ìgò mú. Méjèèjì dára. Ohun tí ẹ óò wò ni òrùka rírọ̀ tó dà bíi rọ́bà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti gé, bí ó bá ti ṣí kúrò, tàbí bí ìpẹtà bá ti ń jẹ irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ jù ú nù, kí ẹ wá òmíràn. Ìdérí ìgò kan sábà máa ń bá ẹnu ìgò mìíràn mu. Mo ní páálí kékeré kan tí mo ń kó wọn sí, ẹni tó bá rí i á rò pé orí mi dàrú.

Ẹ ṣọ́ra fún ìdérí oníke tó máa ń wà lórí ìgò kọfí. Nígbà tí ẹ rà á, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ìgò ló ń lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Ní kété tí ẹ bá ti ya bébà yẹn, ìdérí náà lè má lè dá iṣẹ́ ṣe.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ bu omi dé ìdajì ìgò, ẹ dé e, ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ wá dojú rẹ̀ dé orí tíṣù fún wákàtí kan. Bí tíṣù bá tutù, ìdérí ń jò. Èyí tó bá yege, mo tún máa ń da omi inú rẹ̀ nù, mo á dé e lófìfo, mo á tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi gbígbóná níwọ̀nba. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa wú. Bó bá rí ihò kankan, ẹ óò rí i tí omi ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ létí ìdérí.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó máa ń se oúnjẹ tútù mọ́ inú ìgò kó lè pẹ́: ohun tí mò ń sọ yìí kò kan iṣẹ́ yẹn. Ìgò àti ìdérí àlòkù báyìí kò ṣeé gbára lé fún un. Oúnjẹ tó ti gbẹ nìkan ni a ń kó sí wọn, nítorí gbígbẹ rẹ̀ gan-an ló ń dáàbò bò ó. Ìdérí kàn ń bá a ṣọ́nà ni.

Fífọ ìgò àti lílé òórùn

Ẹ rẹ ìgò sínú omi ọlọ́ṣẹ tó lọ́wọ́ọ́rọ́, bébà ara rẹ̀ á ṣí fúnra rẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù bá kù, ẹ po òróró díẹ̀ mọ́ béékìn sódà, ẹ fi pa ojú ibẹ̀, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 30, kí ẹ wá fi kànrìnkàn ha á. Ẹ má ṣe da omi híhó sínú ìgò tútù lójijì o. Á sán mọ́ yín lọ́wọ́.

Ní ti òórùn, gíláàsì kì í gba òórùn, òrùka inú ìdérí ló ń gbà á. Èyí tó dé ẹ̀fọ́ inú ọtí kíkan rí ló burú jù. Ẹ fi omi díẹ̀ po béékìn sódà kó ki, ẹ fi pa inú ìdérí, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a sóòrùn. Láti mọ̀ bóyá òórùn ti lọ, ẹ dé ìgò náà lófìfo lálẹ́, kí ẹ ṣí i láàárọ̀, kí ẹ sì gbé imú sí ẹnu rẹ̀ kíákíá. Ohun tí ẹ bá gbọ́ lóòórùn ni ápù gbígbẹ yín yóò máa rùn lẹ́yìn oṣù kan. Ìdérí tó bá kọ̀ tí kò gbọ́ oògùn, mo máa ń yà á sọ́tọ̀ fún àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà kì í bínú.

Ó ku kí ìgò gbẹ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Ìgò tí a dojú rẹ̀ dé orí tábìlì kì í gbẹ, nítorí omi inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ẹ dojú rẹ̀ dé orí nǹkan oníhò kí omi lè kán, lẹ́yìn náà kí ẹ yí ẹnu rẹ̀ sókè títí di ọjọ́ kejì. Ìdérí irin tún wá lọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ jù ú lọ: etí rẹ̀ ká wọnú, omi á sì lúgọ síbẹ̀. Ẹ gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ óò rí i tí omi á tún ta jáde lára ohun tí ẹ rò pé ó ti gbẹ. Èmi máa ń fún ìdérí ní ọjọ́ méjì.

Ṣé oúnjẹ náà ti gbẹ lóòótọ́?

Ẹyọ tó nípọn jù ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe èyí tó fẹ́lẹ́ jù. Kí ẹ sì jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, nítorí ohun gbígbóná máa ń rọ̀ lọ́wọ́ ju bó ṣe rí gan-an lọ.

Ata, kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti irú wọn gbọ́dọ̀ ṣẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n. Ewé gbọ́dọ̀ rún mọ́ ìka. Omi tó kù nínú irú nǹkan báwọ̀nyí kò yẹ kó ju nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 lọ. Tòmátò máa ń tanni jẹ: etí rẹ̀ á ti ń ṣẹ́ nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì rọ̀, nítorí náà, àárín ni kí ẹ tẹ̀.

Èso yàtọ̀. Máńgòrò, ápù àti àjàrà gbígbẹ máa ń dà bí awọ, wọ́n á ká láìṣẹ́. Omi tó kù nínú wọn lè tó ìdá 20 nínú 100, síbẹ̀ wọn kì í bu bí a bá tọ́jú wọn dáadáa. Ìdí ni pé ṣúgà inú wọn ti di omi yẹn mú, ohun tó ń mú oúnjẹ bu kò sì rí i mu. Ẹ ká ẹyọ kan sí méjì. Bí ojú rẹ̀ méjèèjì bá lẹ̀ mọ́ra, kò tíì gbẹ tó. Ẹ gé òmíràn láàárín kí ẹ fún un: bí omi kankan bá yọ, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà síbi tí ẹ ti ń sá a.

Fún àgbàdo, ẹ̀wà àti irúgbìn mìíràn, ìgò fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì sínú ìgò gbígbẹ, ẹ da síbí iyọ̀ kan lé e, iyọ̀ tó gbẹ dáadáa. Ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú irúgbìn yẹn ti ju ìdá 15 nínú 100 lọ, kò tíì ṣeé dé mọ́ inú ìgò. Bí iyọ̀ bá já bọ́ sísàlẹ̀ tí ara ìgò sì mọ́ gaara, ó kéré sí ìyẹn.

Nígbà tí ohun tí ẹ sá bá ti gbẹ tán, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù fún ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan. Kò gbọdọ̀ kéré sí èyí, ọ̀ràn tòmátò mi nìyẹn. Kò sì dára kó pẹ́ jù, torí pé bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì nígbà tí ojú ọjọ́ tutù, yóò máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, gbogbo làálàá yín á sì padà sẹ́yìn.

Ohun tí a sá síta gbangba tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn lára: eṣinṣin àti kòkòrò lè ti yé ẹyin sí i, ẹyin náà á sì pa nínú ìgò. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ dí ọ̀rá náà pa, kí ẹ gbé e sínú fìrísà tó tutù dé -18°C, ó kéré tán fún wákàtí 48. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí tí òtútù inú rẹ̀ yóò fi lọ tán, kí ìrì má baà sẹ̀ sórí oúnjẹ. Ẹni tí kò bá ní fìrísà lè tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú ófùn tó gbóná dé 71°C fún ìṣẹ́jú 30, kó sì jẹ́ kó tutù lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ 10 àkọ́kọ́

Bí ẹ bá fẹ́ fo ohun kan nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ jọ̀wọ́, kó má jẹ́ èyí.

Kò sí bí ẹ ṣe lè sá nǹkan tí gbogbo rẹ̀ yóò gbẹ dọ́gba. Àwọn kan nípọn, àwọn kan wà létí ibi tí oòrùn kò dé, àwọn kan ni ẹ yí láìtó àsìkò. Ẹyọ mẹ́ta tó ṣì lómi lè ba igba tó gbẹ jẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kó oúnjẹ náà sínú ìgò dé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ dé e pa. Lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 10, ẹ mì í kí àwọn ẹyọ náà lè tú kúrò lára ara wọn, kí ẹ sì gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wo ara ìgò yíká. Omi tó wà lára èyí tó tutù á máa lọ sára èyí tó gbẹ jù, títí gbogbo wọn yóò fi dọ́gba. Ibí yìí ni jíjẹ́ tí ìgò jẹ́ gíláàsì ti wúlò jù, torí pé ẹ óò máa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìṣí i.

Bí ìgò bá làágùn nínú, ì báà ṣe ìrì fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ìdérí, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà, ẹ dá a padà sóòrùn tàbí sínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbẹ ẹ, ẹ nu ìgò gbẹ, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ òǹkà ọjọ́ láti orí ọ̀kan. Bí àwọn ẹyọ bá lẹ̀ mọ́ra tí mímì kò tú wọn, ohun kan náà ni kí ẹ ṣe. Kì í ṣe àdánù. Oúnjẹ náà ṣì dára, ó kàn ń bẹ̀ yín fún oòrùn díẹ̀ sí i ni.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí ohun tó bu, kódà lára ẹyọ kan ṣoṣo, gbogbo ìgò náà ti lọ nìyẹn. Ó máa ń dunni, mo mọ̀. Ẹ má ṣa èyí tó bu kúrò kí ẹ sì jẹ èyí tó kù. Lára àwọn ohun tó ń mú irúgbìn àti ata bu ni èyí tó ń pèsè májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná orí ààrò kì í sì í pa á. Síse kò gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Kíkún ìgò àti kíkọ nǹkan sí i lára

Ìgò tó bá yege ọjọ́ 10 láìlàágùn ni ẹ óò wá kún dé ọrùn. Afẹ́fẹ́ tó kù lókè á máa jẹ àwọ̀ àti adùn oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà, kó má pọ̀. Ìgò kéékèèké mẹ́ta sàn ju ńlá kan lọ. Ìgbà tí ẹ bá ń ṣí ọ̀kan lójoojúmọ́, méjì tó kù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kí ẹ tó dé e, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ẹnu ìgò, nítorí lẹ́búlẹ́bú ata tàbí èérún ewé tó bá wà lábẹ́ òrùka ìdérí tó láti fún afẹ́fẹ́ lọ́nà.

Àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, wúlò fún ewébẹ̀ lílọ̀ tó máa ń dì. Èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni mo fẹ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀. Oúnjẹ tó gbẹ débi pé ó ń ṣẹ́ nìkan ni ẹ lè fi sí, ẹ má fi sínú ìgò èso rírọ̀ tàbí ẹran. Clostridium botulinum, kòkòrò àìrí tí májèlé rẹ̀ lè pani, ibi tí kò sí ọ́síjìn tí ọ̀rinrin sì wà ló ti ń gbilẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ oúnjẹ, ọjọ́ tí ẹ dé e, àti ìwọ̀n rẹ̀ tí ẹ bá ní òṣùwọ̀n. Ara ìgò ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe orí ìdérí. Ìdérí máa ń pààrọ̀ ara wọn nígbà tí a bá ń fọ̀ wọ́n, ẹ óò sì wá máa jiyàn bóyá ata lẹ gbé lọ́wọ́ ni àbí tòmátò.

Ibi tí ẹ óò gbé e sí

Ibi tó ṣókùnkùn, tó tutù, tó sì gbẹ. Ojú fèrèsé tí mo gbé tèmi sí, ìwà òmùgọ̀ kejì ni: ìmọ́lẹ̀ máa ń ṣá àwọ̀ oúnjẹ, ó sì ń ba fítámì A àti C inú rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ kò bá ní kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣeé tì, ẹ fi bébà tàbí aṣọ wé ìgò, tàbí kí ẹ tò wọ́n sínú páálí. Ẹ má gbé e sókè ààrò, ẹ má sì gbé e sórí fíríìjì, nítorí ooru máa ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè.

Ooru ló ń pinnu bó ṣe máa pẹ́ tó. Èso gbígbẹ tó lè lo ọdún kan níbi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 16°C kò ní ju oṣù 6 lọ níbi tó jẹ́ 27°C. Ewébẹ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìdajì àsìkò èso ni kí ẹ fún un. Ẹran gbígbẹ ní tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ló mọ níta, lẹ́yìn ìyẹn, ó di inú fíríìjì tàbí fìrísà. Ìgò èyíkéyìí tí ẹ bá sì gbé jáde nínú òtútù, ẹ má ṣí i títí ara rẹ̀ yóò fi kúrò ní tútù.

Nígbà tí ẹ bá ń bù ú jẹ

Síbí gbígbẹ, ọwọ́ gbígbẹ. Ohun tó ń ba ìgò tó ti yege gbogbo ìdánwò jẹ́ jù ni pé a máa ń dà á tààrà sínú ìkòkò tó ń hó. Ooru ìkòkò á rọ́ wọnú ìgò, a ó dé e mọ́ inú, ó di ọ̀sẹ̀ kejì ká tó mọ̀. Ẹ bù ú sínú abọ́ jìnnà sí iná, ẹ dé ìgò, kí ẹ tó gbé abọ́ náà lọ sídìí ìkòkò. Ata àti tòmátò tí ẹ bá fẹ́ lọ̀, ìwọ̀n tí ẹ óò lò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ lọ̀, kí ìyókù wà ní ẹyọ, nítorí lẹ́búlẹ́bú ń fa omi mu kíákíá, ó sì máa ń dì bí òkúta.

Bí oúnjẹ bá ti dín sí ìdajì nínú ìgò, ẹ kó o sínú ìgò tó kéré sí i, tó ti gbẹ, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé e sí i lára, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìgò tó ṣófo, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà kí òórùn tó wọ ìdérí lára.